Ọkọ̀ Tó Pòṣé Sí Mi

Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí tí mo gbé pọ̀n lọ sódò tí mo tún gbé pọ̀n bọ̀ láìjẹ́ kí omi orí mi ta sí i lára, mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo kí ọmọ tuntun tí ojú mi ò tíì rí, kó máa mu ọmú, kó máa sùn, kó má jẹ́ irú ọmọ tí ń sọ òru di ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wá ìbànújẹ́ yín, kó wá a títí, kó má rí i. Ṣé ara yín le? Ilé alájà tí ẹ̀ ń gbé, ṣé wọ́n ti tún àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe? Àwa náà wà dáadáa. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan jọ télọ̀. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe inú ilé wa ló ti wá, ṣùgbọ́n mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Télọ̀ tó múlé tì wá ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní kó lọ rán aṣọ àwọn èèyàn tó sọ di ìrọ̀rí sí ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mo jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà títí tí tíṣà fi ní ó ti tó, kì í ṣe èmi ni wọ́n á máa bá kọ̀wé. Bí o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́, tábìlì ló wọ́.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ nínú fóònù télọ̀. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ọmọ mi, fóònù yẹn ò di etí, bí o bá rọra sọ ọ̀rọ̀, á rọra dé ọ̀dọ̀ wa, èwo ni kí o máa pariwo láti ìlú ńlá bí ẹni tó wà lódìkejì odò? Ariwo rẹ ló jẹ iná inú fóònù náà tán. Télọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí o ṣe dákẹ́ báyìí ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú mi ló ṣe.

O ní o dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin lọ́hùn-ún títí tí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ ká. O ní àpótí ọmọ rẹ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ rẹ ò sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ kí télọ̀ tó sọ fún ọ pé ọmọ wà lọ́dọ̀ mi. O ní ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ti búra pé bí kò bá wọlé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, òun á fún ọmọ mìíràn ní àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá bi mí pé, Màmá, kí lẹ rò tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Fa àga sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí mo rò fún ọ.

Ìwọ gan-an lo dá a sílẹ̀. Ìwé aláwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí ọmọ yìí, tí àwọn ọkọ̀ ojú irin inú rẹ̀ ní ojú, imú àti ẹnu, ṣé o kà á kí o tó fi ránṣẹ́? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àwa kà á. O mọ̀ pé láti ìgbà tí oyún ti wúwo fún ìyàwó rẹ tí o gbé ọmọ yìí wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀rẹ́ mi ni mò ń pè é. Bí a bá ti jẹun tán nírọ̀lẹ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi á jókòó sórí ẹní. Òun a máa kàwé bí ẹni tí ajá ń lé, èmi a máa kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n a jọ máa ń parí rẹ̀.

Ìtàn àkọ́kọ́ dá lórí orí ọkọ̀ pupa kan. Orí ọkọ̀ ni èyí tó máa ń wà níwájú, tó ń fa àwọn tó kù, àwọn ti àtijọ́ tí ń jẹ èédú, tí ń mu omi, tí ń tú èéfín. Wọ́n ní kí Pupa mu omi kó tó gun òkè, ó wo táǹkì omi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti òkè délẹ̀, ó ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń fún lómi, kì í ṣe irú òun. Nígbà tó dé góńgó òkè, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ táútáú, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ni gbogbo èrò bá sọ̀ kalẹ̀, kálukú mú ohun tó ní lọ́wọ́ wá. Ẹnì kan bu tíì inú fláàsìkì rẹ̀ sí i, ẹnì kan bu ọbẹ̀ sí i, ìyá ọlọ́mọ kan da omi tó fi wẹ ọmọ rẹ̀ sí i. Ó délé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí èéfín rẹ̀ tó dẹ́kun òórùn àlùbọ́sà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú gárèjì a sì máa yíjú sí ògiri tó bá wọlé. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí tó fi yí kúrò lórí ẹní. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló dá ọbẹ̀ padà fún ọlọ́bẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìkejì burú ju ìyẹn lọ. Orí ọkọ̀ kan wà tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun, bó bá ti rí màlúù kan báyìí lẹ́bàá ọ̀nà, á fọn fèrè sí i. Àwọn màlúù rò pé ó ń pè wọ́n ni. Wọ́n bá tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ̀ lé e dé ìlú ńlá, wọ́n wọ kóòṣì àwọn olówó, yàrá ọkọ̀ tí èrò máa ń wà, wọ́n jókòó. Mo tún bi í pé tíkẹ́ẹ̀tì wọn ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti àgbà wọn, èyí tó dúdú tó sì ti darúgbó, tó ní òun ò ní fi ẹ̀yìn rìn láéláé. Ó rin ojú irin títí ó fi tán, ó wá kojú sí ògiri ṣọ́ọ̀bù aránbàtà kan. Wọ́n ní kó padà sẹ́yìn, ó ní àgbà kì í padà sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ẹyẹ wá yé sínú ihò èéfín rẹ̀, aránbàtà sì ń fi bàtà àwọn oníbàárà kọ́ ọ nímú. Mo ní ká dúpẹ́, a ti rí ọlọ́gbọ́n kan nínú wọn. Àfi ìgbà tí kóòṣì tó kéré jù, tó wà lẹ́yìn pátápátá, tẹ́nì kankan ò fọ̀rọ̀ lọ̀ rí látọjọ́ tó ti dáyé, ní Bàbá, ẹ ò padà sẹ́yìn o, èmi ni mò ń lọ síwájú, ẹ tẹ̀ lé mi. Arúgbó náà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó wò mí títí, ó ní Màmá àgbà, ó jọ yín. Mo ní níbo? Èmi ò ní ihò èéfín lórí.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí o wà, o ń sọ pé àlọ́ ni. Èmi ni mo pa àlọ́ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré, má kọ́ mi ní àlọ́. Àlọ́ kì í ní èèpo líle. Ìwé yìí, ní ojú ewé tó kẹ́yìn, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kọ orúkọ wọn síbẹ̀, wọ́n kọ òpópónà tí wọ́n ń gbé, wọ́n kọ nọ́ńbà ilé. Ta ló máa purọ́ tán tó tún máa júwe ilé ara rẹ̀?

Mo bá ní kí n tó fi ọmọ ọmọ mi sẹ́yìn ohun tó máa fà á lọ, n óò mọ ìwà rẹ̀ ná. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ará ibòmíì a máa wádìí. Mo wọ aṣọ mi tó dára, mo ki ìwé bọ abíyá, mo gba ibùdókọ̀ lọ. Ọ̀gá ibùdókọ̀ wa, Oníbọ́tìnì là ń pè é, nítorí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin lè wò ó fi wé gèlè. Mo bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé nínú agolo kan, kẹ́tùlù lórí sítóòfù. Mo ṣí ìwé síwájú rẹ̀, mo ní kó fi èyí tó máa gbé ọmọ ọmọ mi hàn mí nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi padà. Ó ní Màmá, àwọn wọ̀nyí ti kú tipẹ́. Mo dákẹ́ díẹ̀ nítorí òkú, mo wá bi í pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ńkọ́. Ó ní orí ọkọ̀ kì í bímọ. Mo ní ibo lèyí tó ń gba ibí kọjá ti wá. Ó ní ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ṣe é, kì í jẹ èédú, kì í mu omi, epo ló ń lò, kì í sì í sọ̀rọ̀. Mo ní áà. Kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò bẹ́nì kankan sọ̀rọ̀, òun lẹ fẹ́ kí n fi ọmọ lé lọ́wọ́. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ gan-an a ṣì mọ ohun tó ń bí i nínú. Oníbọ́tìnì bu tíì fún mi, ó fi ara rẹ̀ búra pé gáàdì ọkọ̀ ló máa mú ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, títí wọ́n á fi fà á lé ọ lọ́wọ́. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbà.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Mo wẹ̀ ẹ́, mo dirun fún un, wọ́n gbé àpótí sínú ọkọ̀. Ó ku kí ó wọlé. Ṣùgbọ́n ṣé a máa ń wọ ilé ẹni láì kí onílé? Mo fà á lọ́wọ́, a lọ síwájú pátápátá, níbi tí orí ọkọ̀ wà. Ó ga bí ilé, ó ní ojú dígí méjì, kò ní ẹnu. Mo kí i. Mo ní o kú iṣẹ́ o, o kú ìrìn, ọmọ ọmọ mi rèé, bó o bá dé ibi tí ọ̀nà ti wọ́ kí o rọra. Mo dúró bí èèyàn ṣe ń dúró de ìdáhùn. Kò fọhùn. Mo ní bóyá kò gbọ́ ni, mo sún mọ́ ọn, mo tún kí i.

Ọmọ mi, ó pòṣé sí mi. Ó pòṣé gígùn, láti inú wá, tí eruku fi fò bo bàtà mi, níṣojú gbogbo èrò. Èmi. Bàbá rẹ tó ti lọ, Ọlọ́run bá mi tọ́jú rẹ̀, bí a bá jà, á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé kó máa bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, kò pòṣé sí mi rí. Mo ní kó tún un ṣe kí n rí i. Oníbọ́tìnì sáré dé pẹ̀lú àsíá, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú irin, mo ní ó dìgbà tó bá tọrọ àforíjì. Àwọn èrò yọ orí lójú fèrèsé, àwọn kan ń bẹ̀ mí, ọkùnrin kan ní Màmá, ẹ pòṣé padà sí i kẹ́ ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo rò ó, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò lè máa bá ọmọ tí kò nílé pa òṣé lójúde. Mo di ọwọ́ ọmọ mú, a kọrí sílé. Ìgbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ la gbọ́ tó ń lọ, ìgbà náà ni mo rántí àpótí. Bí àpótí ṣe dá wá bá ọ nìyẹn. Fìlà tí mo hun fún ọmọ tuntun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má rò pé ìbọ̀sẹ̀ ni.

Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi á gbè mí. Kò gbè mí. Ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà ojú irin, kò sunkún, ìyẹn gan-an ló dùn mí, nítorí àwa nínú ilé yìí, bí nǹkan bá dùn wá ní tòótọ́, a kì í sunkún. Ó ní afẹ́fẹ́ bíréèkì ló tú jáde, pé ìwọ lo kọ́ òun, pé afẹ́fẹ́ ló ń di táyà irin mú. Mo ní kí ló dé tí afẹ́fẹ́ náà dúró títí mo fi kí i kó tó tú? Láti ọjọ́ náà, kò bá mi kàwé mọ́. Mo tẹ́ ẹní, mo ṣí ìwé, mo ń kà á sókè, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í kà kó lè wá tún un ṣe. Ó gbọ́ ọ. Kò wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ká aṣọ lórí okùn, ó wá dúró sẹ́yìn mi. Ó ní, “Màmá àgbà, kì í ṣe ọkọ̀ ni ẹ ò fẹ́. Èmi ni ẹ ò fẹ́ kí n lọ. Àbúrò mi á sì dàgbà, kò ní mọ̀ mí.”

Mo ní kó lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wọlé lọ fọ àwo tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. O bi mí pé kí ni mo rò, n óò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, má kà á sí ìyàwó rẹ létí. Kí ọmọ yìí tó dé, mò ń dìde, mò ń jáde, mò ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé níbo lẹ̀ ń lọ. Láti ìgbà tó ti dé, n kò lè fa bàtà wọ̀ kó má bi mí. Ohun tí mo rò nìyẹn. Ó tán.

Lánàá mo padà sí ibùdókọ̀, èmi nìkan, kí n lọ parí ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ wà lórí ìdúró. Mo dúró lókèèrè. Ni dírẹ́bà rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, mo rò pé géńdé ọkùnrin ni, àṣé ọmọbìnrin ni, tó lè jẹ́ àbúrò rẹ, ó so irun mọ́lẹ̀, gíríìsì wà ní ẹ̀kẹ́ rẹ̀. Oníbọ́tìnì sọ nǹkan sí i létí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, ó ní Màmá, wọ́n sọ ohun tó ṣe sí yín fún mi, ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa, ẹ bá mi fi orí jì í. Ó ní láti ibùdókọ̀ tó ṣáájú ló ti ń mú èémí mọ́nú, ibi tó ti wá rí àyè mí ni ẹ dúró sí. Ó gòkè lọ, ó tẹ nǹkan kan, ọkọ̀ tún pòṣé. Mo wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Lóòótọ́, kò wo ojú ẹnì kankan.

Dírẹ́bà ní ọkọ̀ kò ní ẹnu tó lè fi kí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá yọ̀ǹda, yóò fi fèrè kí mi. Mo yọ̀ǹda. Ó fọn ún, gbogbo ẹyẹlé orí òrùlé fò lẹ́ẹ̀kan náà, Oníbọ́tìnì gan-an fọwọ́ di etí. Mo dá a lóhùn, mo ní o ṣeun, wàá dàgbà, wàá dògbó. Èmi kì í bá ẹni tó ti bẹ̀ mí jà mọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọ̀tọ̀, ìfọkàntán ọ̀tọ̀. Mo sọ fún Oníbọ́tìnì pé ọmọ náà ò ní dá lọ. Èmi fúnra mi máa bá a lọ, kóòṣì tó wà lẹ́yìn orí ọkọ̀ gan-an la sì máa jókòó sí, níbi tí mo ti máa gbọ́ ohun tó bá ń sọ. Oníbọ́tìnì gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, mo rò pé ó ń gbàdúrà fún wa.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú gíláàsì. Ó bi mí pé ṣé àlọ nìkan ni ti ọmọ náà. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ta ló ń gbé ìwé lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ pé kó lọ kó má bọ̀? Mo ra àlọ àti àbọ̀ fún ọmọ, kó lè padà wá bá mi nígbà ìsinmi, ọmọbìnrin náà sì ti gbà pé kó lo àbọ̀ rẹ̀ ìgbà tó bá wù ú. Owó ọwọ́ mi ò wá tó ra àbọ̀ tèmi mọ́. Mo ní kó dojú tèmi bolẹ̀ fún mi, kí n má baà rí ohun tó kọ síbẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé a jọ ń lọ ni, ó tẹ́ ẹní. Ó gbé ìwé wá, ó di ìka mi mú, ó gbé e padà sí ibi tí mo ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kà.

Dírẹ́bà náà ló gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ, kí i dáadáa, fún un lómi tútù. Ọ̀la la ń bọ̀. Ibi tí orí ọkọ̀ bá dúró sí ni kí o dúró, má wà láàárín èrò kí o máa ju ọwọ́ bí ẹni tí odò ń gbé lọ. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ni, kì í ṣe ẹ̀rù. Sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé bó bá ti fi àga náà tọrẹ, èmi ni mo máa wá jókòó sórí rẹ̀ títí tó fi máa wá òmíràn. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí télọ̀ fún iná fóònù rẹ̀ tí o jẹ, kí o wá owó bàtà sílẹ̀ fún mi, èyí tí eruku òṣé bò yẹn ò dán mọ́, kí o sì wá owó àbọ̀ mi.

Ọlọ́run tó fún ọ ní méjì kò ní gba ọ̀kan. Ohun tí o bá gbé sórí kò ní wúwo jù fún ọrùn rẹ. Àwọn ọmọ rẹ á mọ ara wọn lójú, wọ́n á mọ ara wọn lọ́kàn, ọ̀kan ò ní di àlejò lójú èkejì. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Owó àbọ̀ mi tí mo ní kí o wá yẹn, má kánjú wá a.